Ojú Ìbẹ̀rẹ̀ Kan Náà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nínú FreeCAD tí a fi ń ya àwòrán ẹ̀rọ, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, níbi tí ìlà ìwọ̀n 3 ti pàdé. Ọ̀nà 6 ni ẹ̀yà lè gbà ṣípò: ó lè sún lójú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè yí lórí wọn. Ẹ kọ́kọ́ de férémù ọmọlanke mọ́lẹ̀. Kí ẹ wá so táyà mọ́ ọ̀pá rẹ̀, kí ó ku yíyí nìkan. Bí ẹnìkan bá wọn táyà láti etí, tí ẹnìkejì sì wọ̀n ọ́n láti àárín, táyà tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 400 yóò fi 200 yẹ̀. Mo rọ̀ yín: kí a tó pín iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí ojú ìbẹ̀rẹ̀.