Má Bu Àjílẹ̀ Sí I

Ọmọ mi, mo ti ro ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lọ́jọ́ Àìkú. O fi àwòrán ewéko kan hàn mí lórí fóònù rẹ, ewé gígùn tí omi róbótó-róbótó ń dán lórí irun pupa ara rẹ̀. O ní o fẹ́ fi owó tí o tù jọ ra irúgbìn rẹ̀ láti òkè òkun, kí o gbìn ín sẹ́yìn yàrá rẹ níbí ní Ẹdẹ. O ní ó ṣọ̀wọ́n, ìdí gan-an tí o fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Inú mi dùn pé ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì lè jókòó ti ewé. Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Drosera regia ni o fi hàn mí. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni. Edith Stephens ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1926, àfonífojì kan ṣoṣo lórí àwọn òkè Bainskloof ló sì ti ń hù fúnra rẹ̀ ní gbogbo ayé. Ewé rẹ̀ lè gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà. Òru tó tutù ló bá a lára mu. Ìwọ náà mọ bí òru Ẹdẹ ṣe ń rí ní oṣù Kẹta, nígbà tí iná ò sí, tí a ń fi páálí fẹ́ ara wa títí ilẹ̀ fi mọ́. Bó bá tilẹ̀ hù lọ́wọ́ rẹ, èmi ò rò pé yóò la irú oṣù bẹ́ẹ̀ já.

Ó ní ìbátan púpọ̀, ẹ̀yà Drosera lé ní 200 káàkiri ayé. Láti inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, ìrì ló ń tọ́ka sí. Ewé ìrì ni èmi náà ń pè é nínú ilé mi. Àmọ́ ìrì kọ́ ló wà lára rẹ̀. Àtè ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ àtè mọ́. Nígbà èwe wa, oje igi la máa ń sè títí yóò fi ki, tí yóò máa fà. A ó fi kun ẹ̀ka tí ẹyẹ máa ń bà lé, a ó sì lọ lúgọ. Ẹyẹ tó bá bà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Bó ṣe ń jà ni ìyẹ́ rẹ̀ ń kó sí i. Ohun tí ewé ìrì ń fi kòkòrò ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-Iná, jagunjagun ọlọ́fà nì, la fi ń yangàn ní ìlú yìí, ṣùgbọ́n ọdẹ tí mò ń sọ yìí kò lọ́fà, kò sì kúrò lójú kan. Eṣinṣin á bà lé omi tó ń dán. Àwọn irun ìtòsí á rọra tẹ̀ wá bá a, àtè á dí ihò tó fi ń mí, omi mìíràn tó dà bí omi inú ikùn wa á sun jáde, á tú ẹran ara rẹ̀, ewé á sì fà á mu.

Ebi ló sọ ọ́ di ọdẹ. Ilẹ̀ tó ń gbé kò lọ́ràá rárá: yanrìn tí òjò ti fọ̀ títí, ẹ̀bá àpáta tí omi ń ṣàn lé lórí. Gbòǹgbò rẹ̀ kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀, ewé ló ń wá oúnjẹ. Èmi kò mọ èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìn ín. Mo tọ́jú rẹ̀ bí mo ṣe ń tọ́jú tẹ̀tẹ̀ àti ewúro. Mo fa omi kànga fún un láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo bu igbẹ́ adìẹ gbígbẹ sí ìdí rẹ̀ kó lè tètè dàgbà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àtè ara rẹ̀ gbẹ tán, etí ewé dúdú, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Ó dùn mí wọra, nítorí ọwọ́ ìfẹ́ ni mo fi pa á.

Nítorí náà, má bu àjílẹ̀ sí i láé. Omi kànga, omi ẹ̀rọ, àní omi inú ọ̀rá tí à ń rà mu pàápàá, iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú wọn. Ó ṣe àwa láǹfààní, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gbá jọ sínú ike ewéko yìí títí gbòǹgbò yóò fi jóná. Omi òjò ni tirẹ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kó fọ eruku orí páànù lọ ná, kí o tó gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ rẹ̀. Dé e dáadáa.

Kò túmọ̀ sí pé kó má jẹun o. Charles Darwin, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ẹ̀yà tó ń hù ní England kó tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ewéko tó ń jẹ kòkòrò jáde ní 1875, rí i pé ẹran àti ohun tó ní náítírójìn ni irun ewé náà máa ń tẹ̀ mọ́ pẹ́. Ọmọ rẹ̀, Francis, tún gbé e síwájú. Ó pín ewéko náà sí ọ̀nà méjì, ó ń fi ẹran sísun wẹ́wẹ́ sórí ewé apá kan, ó sì dáàbò bo apá kejì kí kòkòrò má débẹ̀. Ní 1878 ó kéde pé àwọn tó jẹ ẹran so irúgbìn ju àwọn yòókù lọ fíìfíì. Ẹnu rẹ̀ wà lórí ewé, kò sí ní ìdí. Gbé e síta gbangba, ẹ̀fọn àti kantíkantí Ẹdẹ yóò bọ́ ọ.

Wàyí o, èwo ni kí o gbìn? Drosera indica. Linnaeus, onímọ̀ ewéko, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1753, tòun ti Íńdíà nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n ó ń hù ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára rẹ̀. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, òdòdó rẹ̀ funfun tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Òjò ló ń bá hù, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń bá kú. Má sunkún nígbà tí ọyẹ́ bá pa á ní ìparí ọdún. Irúgbìn tó fi sílẹ̀ nínú yanrìn gbígbẹ ń dúró de òjò mìíràn ni.

Yanrìn odò ni kí o wá, fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ lóló. Irun ara èèpo àgbọn náà dára láti pò mọ́ ọn, àmọ́ rẹ ẹ́, dà á nù, tún rẹ ẹ́, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Lo ike tí o lu nídìí, kì í ṣe ìkòkò amọ̀, kí o sì gbé e sínú abọ́ tí omi inú rẹ̀ ga tó ìka méjì. Irúgbìn yẹn dúdú, ó kéré bí ẹ̀tù ìbọn: wọ́n ọn sórí yanrìn, má bò ó. Oòrùn ni kó máa pa á. Omi inú abọ́ yẹn, dà á nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí tanwíji má di ẹ̀fọn sí ìyá rẹ lọ́rùn.

Bí o bá sì ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ nínú igbó tàbí lórí àpáta níbikíbi, má hú u. Gbòǹgbò rẹ̀ kò fẹ́ ìdààmú rárá, yóò kú lọ́wọ́ rẹ kí o tó délé. Ya fọ́tò rẹ̀, kọ ibi tí o ti rí i àti ọjọ́, kí o gbé e lọ bá àwọn onímọ̀ ewéko ní FRIN, ilé ìwádìí nípa igbó ti Nàìjíríà, ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kó ewé gbígbẹ jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ni yóò sọ fún ọ bóyá òun ni, nítorí irúfẹ́ rẹ̀ pọ̀. Bó bá ti gbó, gba ìwọ̀n irúgbìn díẹ̀, kí o fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ fún àpáta.

Irúgbìn tèmi wà nínú bébà tí mo ká, lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Bí òjò bá fìdí múlẹ̀, wá. Gbé kẹ́ẹ̀gì omi òjò rẹ dání kí n fojú mi rí i, kí n tó ṣí bébà náà.