Àjọkẹ́, Má Gba Ọmú Lẹ́nu Ọmọ

Àjọkẹ́, jókòó síbí. Gbé ọmọ yẹn bọ̀. Èmi lo wá ń sọ fún pé kò sí nǹkan kan? Ọmọ kan ọmú báyìí, o di eyín pọ̀, omi lé ròrò sí ẹ lójú. Ta ló ní abiyamọ gbọ́dọ̀ jẹ̀rora kí ọmọ tó yó?

Orí ọmú nìkan lo ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ìdí tó fi ń là nìyẹn. Jẹ́ kó ya ẹnu gbàgà, kó gba ibi dúdú tó yí orí ọmú ká mọ́ ọn, kí àgbọ̀n rẹ̀ kan ọyàn. Bó bá ṣì ń dùn ẹ́, má fà á yọ! Ki ìka tó mọ́ bọ igun ẹnu rẹ̀, á jù ú sílẹ̀, kí o wá tún un gbé. Bó bá mu tán, fún wàrà díẹ̀ sójú ibi tó là, kó gbẹ síbẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti ọyàn òsì tí o gbà lẹ́nu ọmọ látàná torí pé ó le. Wàrà tí ò rọ́nà jáde ló sọ ọ́ di líle! Láàárín ọjọ́ 3 sí 5 lẹ́yìn ìbímọ, ọyàn sábà máa ń kún bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé. Ìkókó a máa mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, tọ̀sán tòru. Bó bá le jù fún ẹnu rẹ̀, kọ́kọ́ fọwọ́ fún díẹ̀ dànù kó lè rọ̀. Má fún un gbẹ o: bí wàrà bá ṣe ń jáde tó lara ń pèsè rẹ̀ tó.

Ìyá ọkọ ẹ fẹ́ràn ẹ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yéé fi aṣọ gbígbóná tẹ ọyàn yẹn bí ẹni ń gún iyán. Á tún wú sí i ni. Aṣọ tí a rì sómi tútù ni kí wọ́n fi lé e bí ọmọ bá mu tán. Lo pàrásítámọ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Sì bọ́ kọ́mú tó há mọ́ ẹ láyà yẹn.

Fetí sílẹ̀ dáadáa: bí ojú kan bá gbóná lára ọyàn, tí ibà àti òtútù dé, tí kò rọ̀ láàárín ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn yá. Lára dúdú bíi tiwa, ó lè má hàn pé ó pọ́n. Fọwọ́ kàn án wò. Má dúró dìgbà tó máa gbọyún. Oògùn wà tí ìyá lè lò kí ọmọ sì máa mu ọmú lọ. Ọyàn tó ń dùn ẹ́ náà ni kí o máa gbé fún un, kò ní pa á lára.

Ó yá, gbé e sí i kí n rí i. Ẹnu gbàgà, mo ní!