Fèrèsé Bùráúsà Tó Tóbi Ju Ojú Kọ̀ǹpútà Lọ

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ku wákàtí kan péré kí fọ́ọ̀mù sìkọ́láṣíìpù tí mò ń kọ parí. Mo ti dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ó wá ku bọ́tìnì tí màá fi fi ránṣẹ́, mi ò rí i. Ìsàlẹ̀ fèrèsé bùráúsà mi ti wọ abẹ́ ojú kọ̀ǹpútà lọ. Mo yí ojú ìwé náà wálẹ̀ wálẹ̀, kò lọ mọ́. Iná ò sì sí o, bátìrì mi ti wà ní 20%.

Kí ló fà á? Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ mọ́nítọ̀ ńlá kan ní láàbù wa. Mọ́nítọ̀ yẹn ní píksẹ́ẹ̀lì 1920 ní ìbú, 1080 ní gíga. Tèmi ò ju 1366 àti 768 lọ. Bùráúsà máa ń rántí bí fèrèsé rẹ̀ ṣe tóbi tó nígbà tí ẹ pa á, kó lè ṣí bẹ́ẹ̀ padà. Ó yẹ kí Windows tún un tò nígbà tí mo yọ wáyà, àmọ́ kì í fìgbà gbogbo ṣe é dáadáa. Ó wá dà bí ẹni gbé ẹní pálọ̀ wá tẹ́ sínú yàrá.

Nǹkan mìíràn tó máa ń fà á ni Scale, èyí tí Windows fi ń mú lẹ́tà tóbi. Tí ẹ bá gbé e sí 150%, gíga 768 yẹn á máa ṣe bíi 512, torí ẹ ó pín in sí 1.5. Fèrèsé tó nílò 600 ò ní gbà síbẹ̀ mọ́.

Ctrl àti 0 ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Ìyẹn ń tún lẹ́tà inú ojú ìwé ṣe ni, kò kan fèrèsé fúnra rẹ̀. Ohun tó yọ mí ni bọ́tìnì Windows pẹ̀lú ọfà òkè, tí mo tẹ̀ pọ̀: fèrèsé náà bá ojú kọ̀ǹpútà mu wẹ́kú.

Tí tiyín ò bá gbọ́, ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ spacebar. Àkójọ kékeré kan á yọ. Ẹ tẹ S, kí ẹ tẹ ọfà ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lè di etí ìsàlẹ̀ fèrèsé mú, kí ẹ wá máa fi ọfà òkè fà á sókè títí yóò fi wọlé, kí ẹ tó tẹ Enter. Tó bá jẹ́ orí fèrèsé ló sá lọ, M ni kí ẹ tẹ̀ dípò S, kí ẹ fi ọfà ìsàlẹ̀ fà á wá. Tí S àti M bá ṣú, tí wọn ò ṣe é tẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ R. Lẹ́yìn náà, ẹ pa bùráúsà kó lè rántí ìwọ̀n tuntun yìí. Àmọ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù yín ránṣẹ́ ná o!

Tèmi wọlé ní aago 11:52. Kò pẹ́ ni wọ́n mú iná dé.