Wọ́n ní tráká ti pa wọ́ráńtì ọkọ̀ mi: ṣé òótọ́ ni?

ÌBÉÈRÈ

Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni mo ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, tìà rọ́bà. Báńkì ló yá mi lówó, mo ṣì ń san án díẹ̀díẹ̀. Òun ni mo fi ń kó búrẹ́dì láti Agége lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Ìjú, Ọ̀gbà àti Abúlé-Ẹ̀gbá. Nítorí àwọn olè, mo ní kí ríwáyà kan ní College Road bá mi fi tráká àti aláàmù sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, AC rẹ̀ kò tutù mọ́. Mo gbé e padà lọ bá àwọn tó tà á fún mi. Bí wọ́n ṣe rí wáyà tráká lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù báyìí, wọ́n ní mo ti fọwọ́ ara mi pa wọ́ráńtì, pé èmi ni n ó ra kọ̀mpírẹ́sọ̀ AC. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, owó epo ti fẹ́ jẹ èrè mi tán. Àbúrò mi mọ mẹkáníìkì kan ní Fágbà tó lè yí ọkọ̀ náà sí gáàsì CNG ní owó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n ṣe é?
Ìyá Ìbejì, Ìjú-Ìṣàgá

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ọkọ̀, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀jìrẹ́.

Ìbéèrè méjèèjì yín kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ní ti tráká, àwọn tó ta ọkọ̀ fún yín ti fa ọ̀rọ̀ náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti gáàsì, ẹ ní ìdí láti bẹ̀rù.

Àdéhùn ni wọ́ráńtì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ń sọ pé bí ohun tí àwọn fọwọ́ ara àwọn ṣe bá bàjẹ́ láàárín àsìkò kan, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹlòmíràn bá fi kún un kò sí nínú àdéhùn yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni ohunkóhun tí àfikún náà bá bà jẹ́. Bí tráká bá kú, ẹ̀yin àti ríwáyà yín lẹ jọ máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní tráká ló pa AC gbọ́dọ̀ lè sọ ọ̀nà tó gbà pa á. Inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni ọ̀kan wà, ara ẹ́ńjìnnì ni èkejì wà. Kí ló dà wọ́n pọ̀?

Nǹkan kan ṣoṣo ló lè dà wọ́n pọ̀, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín: ibi tí ríwáyà ti fa iná. Ẹni tó mọṣẹ́ á mú iná láti ibi tó mọ́, á fi fíúsì tirẹ̀ sí i, á fi léèdì jó ojú wáyà pọ̀ kó tó wé e. Ẹni tó ń kánjú á fi abẹ́ bó wáyà tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, á lọ́ tirẹ̀ mọ́ ọn, á fi téèpù dúdú yí i, ó parí. Nínú ooru Èkó yìí, gọ́ọ̀mù téèpù yẹn á yọ́, ojú wáyà á sì ṣí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ wáyà tó ń gbé iná lọ fún AC ló bó, àwọn tó ta ọkọ̀ ti ní ẹ̀rí nìyẹn. Torí náà, ẹ pe ríwáyà náà kó fi ojú ibẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tú u.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ja ìjà yìí ṣáájú wa. Òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975 kò gbà kí ilé iṣẹ́ sọ pé wọ́ráńtì di òfo kìkì nítorí pé oníbàárà lo ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá ní àfikún ló fa ìbàjẹ́, àwọn ni yóò fi ẹ̀rí hàn. Òfin yẹn kò dé Ìjú o. Tiwa ni òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti 2018, tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, èyí tó bí àjọ FCCPC. Ó fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó ṣeé lò fún iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún, àti sí ìwé àdéhùn tí èdè rẹ̀ yéni. Nítorí náà, ìwé kékeré tí wọ́n kó fún yín mọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ tí ẹ gba ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti to ohun tí wọ́ráńtì kò bò. Bóyá ó sọ pé ìbàjẹ́ tí àfikún bá fà kò sí lọ́rùn àwọn, bóyá ó sì sọ pé àfikún èyíkéyìí fòpin sí gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà jìn láàárín méjèèjì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí tí ẹ buwọ́ lù.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí gáàsì. Láti ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2023 tí Ààrẹ Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ẹni tó lè bá oníṣòwò jà pé ó ń wá gáàsì kiri. Ìjọba fúnra rẹ̀ dá ètò CNG sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀. Wọ́n á lu ihò sára manifold, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ihò kan fún sílíńdà ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, kí gáàsì lè ráyè wọlé. Wọ́n á gé wáyà tó ń pàṣẹ fún àwọn ínjẹ́kítọ̀ epo, wọ́n á fi brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) kejì sí i, tí yóò máa tan brain box àkọ́kọ́ jẹ pé epo ṣì ń wọlé. Gáàsì a sì máa jó gbẹ ju epo lọ, èyí tó ń jẹ ìjókòó fáàfù nínú ẹ́ńjìnnì tí wọn kò ṣe fún un. Tráká ṣeé tú kúrò. Ihò yẹn, bí wọ́n bá tilẹ̀ dí i, àmì rẹ̀ kì í pa rẹ́. Lọ́jọ́ tí fáàfù bá bàjẹ́, àwọn tó ta ọkọ̀ kò ní wá ẹ̀rí jìnnà.

Ẹ bi àwọn tó ta ọkọ̀ fún yín bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí ibi kan tí wọ́n ti ń yí i padà. Bó bá wà, ẹ gba ìwé, kí orúkọ ibẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí àwọn tó máa yí i padà náà fún yín ní wọ́ráńtì tiwọn, lórí ohun èlò àti lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ sọ fún báńkì, torí ọkọ̀ náà kò tíì di tiyín tán, kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò. Bí ọkọ̀ bá jóná tí wọn kò mọ̀ pé gáàsì wà nínú rẹ̀, wọ́n lè ní àwọn kò san kọ́bọ̀. Ẹ tún wọn àyè ẹ̀yìn ọkọ̀ yín. Búrẹ́dì kò wúwo, àyè ló ń gbà, sílíńdà gáàsì yóò sì gba nínú àyè rẹ̀.

Ti mẹkáníìkì Fágbà, rárá. Ọ̀rọ̀ wọ́ráńtì kọ́ ló mú mi sọ ọ́. Agbára gáàsì inú sílíńdà náà tó 3,000 psi, nígbà tí táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sábà máa ń gba bíi 32. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú gbàmù ní ilé gáàsì kan ní Ìlú Bìní. Ìjọba ní wọ́n ti jó irin mọ́ sílíńdà ọ̀hún, pé kì í sì í ṣe ojúlówó ti CNG rárá. Ibi tí ìjọba ti fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ lọ.

Ẹ tún ro ọjọ́ orí wọ́ráńtì. Ọ̀pọ̀ ń jẹ́ ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹni tó ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ń rin ju 30,000 lọ lọ́dún. Bí àwọn tó ta ọkọ̀ kò bá fún yín ní ìwé lórí gáàsì yẹn, tó bá jẹ́ èmi ni, n ó mú sùúrù títí wọ́ráńtì yóò fi parí fúnra rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tòkunbọ̀ ní Ifákò-Ìjàyè, tí ẹ sì pọ̀ jù lọ, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín púpọ̀. Wọ́ráńtì kankan kò bá ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wọ̀lú, àfi èyí tí ẹni tó tà á fún yín bá kọ sílẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ AC ló jẹ́ kánjúkánjú jù. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ta ọkọ̀ fún yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kó fọ́tò wáyà mọ́ ọn. Ẹ ní kí wọ́n ki ẹ̀rọ ìṣàyẹ̀wò bọ abẹ́ sítíárìn, kí wọ́n tẹ ohun tí brain box kọ sílẹ̀ jáde, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ibi tí tráká ti kan kọ̀mpírẹ́sọ̀. Ẹ mú ẹ̀dà kan dání, torí òun lẹ máa gbé lọ sọ́dọ̀ LASCOPA, àjọ ààbò oníbàárà ti ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí FCCPC bí wọn kò bá dáhùn. Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì ìta kankan tú kọ̀mpírẹ́sọ̀ náà. Bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ti kàn án, wọn kò ní nílò tráká mọ́ láti fi bá yín jà.