Bí Ẹgbẹ́ Wa Bá Fẹ́ Gba Pápá Yìnyín fún Àwọn Ọmọ

Tí ìsinmi ìgbà òtútù bá ti ń sún mọ́lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù àti ilé-kéwú wa a máa wá ibi tí wọn yóò kó àwọn ọmọ lọ ṣeré. Pápá yìnyín ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń béèrè. Kì í ṣe ohun tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù o: láti 1931 ni ọ̀kan ti wà ní Streatham, wọ́n ti ti àtijọ́ yẹn pa ní 2011, wọ́n sì ṣí tuntun ní 2013. Ẹnikẹ́ni lè sanwó wọlé síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì lè gba odidi pápá fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ò lòdì sí i, nítorí eré tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára ni. Ohun tó kan ojú ewé tiwa ni bí àwọn ọmọ yóò ṣe lọ ní àlàáfíà, tí wọn yóò sì bọ̀ ní àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú èyí tó wúwo jù. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí a bí, nǹkan bíi méjì ló ń jẹ́ SS. Àwa tí a kó wá sí ìlú òyìnbó, ẹ̀jẹ̀ yẹn náà la gbé wá. Òtútù sì jẹ́ ọ̀tá ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí òtútù bá mú ara, òpó ẹ̀jẹ̀ a máa fún pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé kò ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa, ìrora egungun á sì bẹ̀rẹ̀. Ojú yìnyín inú pápá a máa tutù tó ìwọ̀n 5 sísàlẹ̀ òdo. Ọmọ á sáré, á làágùn. Á ṣubú, ṣòkòtò rẹ̀ á rin gbingbin. Lẹ́yìn náà á wá jókòó lórí àga tútù. Ibi jíjókòó yìí gan-an là ń bẹ̀rù ju eré fúnra rẹ̀ lọ.

A kò sọ pé ẹ fi ọmọ SS sílé nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ. Ẹ bi dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ léèrè kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá gbà, ẹ wọ aṣọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé ara wọn fún ọmọ náà dípò ẹ̀wù nínípọn kan ṣoṣo, ẹ fún un ní ìbọ̀wọ́, ẹ mú ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ mìíràn dání. Ẹ máa fún un lómi mu, kódà bí kò bá béèrè, nítorí òùngbẹ kì í sábà gbẹni nínú òtútù. Kí ó máa jáde wá sí yàrá gbígbóná lóòrèkóòrè. Bí ìrora bá bẹ̀rẹ̀, ẹ mú un kúrò nínú òtútù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fún un ní oògùn ìrora tí dókítà ti yàn fún un. Bí ìrora náà kò bá lọ, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ilé ìwòsàn ni. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ pe 999. Ẹ má jókòó ti róòbù àti ìfọwọ́ra. Ẹni tó ń ṣètò ìrìn-àjò náà gbọ́dọ̀ mọ irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mọ ẹni tó ní ikọ́ fée, kí oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu má baà wà nílé. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ ni o. Kí a má kígbe ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ láàárín èrò.

Bàtà ló kàn. Bàtà onírin tí wọ́n ń háyà fúnni níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti wọ̀ ọ́, nínú rẹ̀ sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Irú ibẹ̀ ni làpálàpá àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ fẹ́ràn. Àwa Mùsùlùmí ní ohun kan tí a ní láti ṣọ́ jù: a máa ń ṣe àlùwàlá tán, a ó sì ki ẹsẹ̀ tútù bọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ fi aṣọ nu àárín ọmọ-ìka kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ. Ìbọ̀sẹ̀ mímọ́ kan tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ló tọ́, kì í ṣe méjì lórí ara wọn, nítorí méjì a máa ká jọ, á sì bó ẹsẹ̀. Bàtà náà gbọ́dọ̀ di gìgísẹ̀ mú ṣinṣin. Ọmọ tí bàtà tóbi fún ni ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yí. Bí ẹ bá yá àkoto, kí ọmọ kọ́kọ́ dé fìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀, kí làpálàpá orí má baà kó ràn án.

Ní ti aṣọ àwọn obìnrin wa, jálábíà tó ń gbálẹ̀ léwu, irin bàtà á tẹ̀ ẹ́. Ṣòkòtò fẹ̀ǹfẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù tó dé orúnkún bo ara dáadáa. Kí wọ́n ki etí ìbòrí bọ inú ẹ̀wù, kí wọ́n má sì fi píìnì dè é lábẹ́ àkoto.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń ṣubú, torí wọn yóò ṣubú dandan. Kí wọ́n tẹ orúnkún, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀, kí wọ́n má na ọwọ́ síwájú, torí ọrùn ọwọ́ ló máa ń kán. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ká ìka wọn jọ kíákíá, nítorí irin bàtà ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mú bí ọ̀bẹ.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú ilé náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òbí kì í sábà béèrè nípa rẹ̀. Ọkọ̀ kan wà tó ń há ojú yìnyín, tó sì ń da omi sí i kí ó lè dán. Frank Zamboni ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Kalifọ́níà ní 1949. Èyí tó ń lo iná mànàmáná kò léèéfín. Èyí tó ń lo gáàsì tàbí epo lè tú carbon monoxide jáde, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, ẹ kó gbogbo wọn jáde síta, kí ẹ tó wá sọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Gáàsì ammonia tí àwọn ibòmíràn fi ń mú yìnyín dì léwu bákan náà: ọkùnrin mẹ́ta ló kú nígbà tó jò ní pápá yìnyín ìlú Fernie ní Kánádà ní 2017. Bí aago ìkìlọ̀ bá dún, ẹ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má padà wá bàtà.

Tí ẹ bá wá ń gba pápá náà, ẹ béèrè bóyá ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń tún yìnyín ṣe wà nínú wákàtí tí ẹ sanwó fún, bóyá owó bàtà wà nínú rẹ̀, bóyá ọkọ̀ wọn ń lo iná, àti ẹni tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Bí ti àwọn obìnrin nìkan ni, ẹ gba ìlérí sínú ìwé pé òṣìṣẹ́ obìnrin ni yóò wà lórí yìnyín, àti pé kò sí ẹni tí yóò máa wòran láti ibi tí wọ́n ti ń tajẹ. Ẹ mú kẹ́tùlù yín dání fún ilé ìyàgbẹ́. Ní àárín oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹgbẹ́ tó bá gba aago méjì sí mẹ́rin, àárín eré ni Àlásàárì yóò bá wọn, Mọ̀gàríbì á sì ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tú okùn bàtà. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ rọrùn jù, ó sì sábà máa ń dín owó.