Èdè Yorùbá Gẹ́gẹ́ Bí Irinṣẹ́ Ìkọ́ni fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Yíya Pláànù Ilé Lórí Kọ̀ǹpútà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìṣòro tí ó máa ń dojú kọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ya pláànù ilé lórí kọ̀ǹpútà, àti ipa tí èdè àlàyé olùkọ́ ń kó níbẹ̀. Sọ́fítíwíà AutoCAD ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé kò pọn dandan kí a túmọ̀ orúkọ àwọn àṣẹ inú sọ́fítíwíà náà sí Yorùbá. Ohun tí ó ṣe kókó ni kí olùkọ́ ṣa ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá tí ó bá iṣẹ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan mu rẹ́gí, nítorí pé níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti ṣì, àwòrán yóò ṣì pẹ̀lú.

Ìfáárà

Ní ọdún 1963 ni Ivan Sutherland gbé ètò kan tí ó pè ní Sketchpad kalẹ̀ ní MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó ń lò ó lè fi kálàmù oníná ya ìlà sí ojú ẹ̀rọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ Autodesk gbé AutoCAD jáde fún àwọn kọ̀ǹpútà kékeré, láti ìgbà náà ni irú iṣẹ́ yìí sì ti ń wọ ọwọ́ àwọn ayàwòrán ilé káàkiri àgbáyé.

Ní ti èdè, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin wa. Ní ọdún 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ mìíràn. Àwọn onímọ̀ tún ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú ìdìpọ̀ rẹ̀ kìn-ín-ní, fún ẹ̀kọ́ nípa èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ìdìpọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ iṣẹ́ yíyàwòrán. Àlàfo yìí ni a fẹ́ wò fínnífínní.

Orúkọ Àṣẹ àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Tí Ó Ń Ṣàlàyé Rẹ̀

Ẹni tí ó ń lo AutoCAD máa ń tẹ àṣẹ, ẹ̀rọ yóò sì béèrè ohun tí ó kù. LINE, CIRCLE, MOVE, OFFSET, TRIM àti ERASE wà lára àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí a ti ṣe sọ́fítíwíà náà sí, nítorí náà orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀. Kí a fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí káfíńtà ṣe ń fi orúkọ tí irinṣẹ́ rẹ̀ bá wá pè é.

Àlàyé ni ó yẹ kí ó jẹ́ ti Yorùbá, kí ó sì péye. Bí olùkọ́ bá sọ pé OFFSET ń ‘sún ìlà’, ó ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. MOVE ni ó ń sún ìlà kúrò ní ipò rẹ̀. Ní ti OFFSET, ìlà àkọ́kọ́ dúró síbi tí ó wà, ẹ̀rọ sì fa ìlà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n tí a bá sọ. Bákan náà, ERASE ń pa gbogbo ìlà rẹ́, ṣùgbọ́n TRIM ń gé ìlà dé ibi tí ìlà mìíràn ti dá a kọjá. Bí a bá lo ‘pa rẹ́’ fún méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ìdí tí ìyókù ìlà fi ṣẹ́kù.

Ìwọ̀n Gidi Ṣáájú Ìdínkù

Ẹni tí ó ti fi pẹ́ńsù àti rúlà yàwòrán rí ti mọ̀ pé kí a tó fa ìlà ni a ti ń dín ìwọ̀n kù. Ní ìwọ̀n ìdínkù 1:50, ògiri tí ó gùn ní mìlímítà 3600 yóò jẹ́ mìlímítà 72 lórí bébà. Lórí kọ̀ǹpútà, ètò yìí yí padà. Ìwọ̀n gidi, 3600, ni a ó tẹ̀. Ìgbà tí a bá fẹ́ tẹ àwòrán sórí bébà ni a ó tó dín in kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tẹ 72 yóò ní yàrá tí kò tó àtẹ́lẹwọ́.

Ìṣòro kejì wà ní ẹnu àwa fúnra wa. Ẹsẹ̀ bàtà ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń sọ ìwọ̀n yàrá: ‘méjìlá sí méjìlá’. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mìlímítà 3657.6. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ 3600, ó ti jẹ onílé ní nǹkan bíi mìlímítà 58. Bí ó bá sì tẹ 12 nínú àwòrán tí ó fi mìlímítà yà, yàrá náà yóò jẹ́ mìlímítà 12 péré. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ mọ̀. Kò mọ ohun tí onílé ní lọ́kàn.

Bí A Ṣe Ń Sọ Ibi Tí Ìlà Yóò Dé

Nọ́ńbà méjì ni a fi ń sọ ibi tí ìlà yóò dé: èkíní fún ọ̀tún tàbí òsì, èkejì fún òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà kà wọ́n. A lè kà wọ́n láti ojú kan ṣoṣo tí kì í yẹ̀, èyí tí í ṣe 0,0, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń júwe gbogbo ilé inú ìlú láti ojúde ọba. A sì lè kà wọ́n láti ibi tí a dúró sí, bí a ṣe máa ń sọ fún àlejò pé ‘láti ibi tí o wà yìí, rìn síwájú, kí o yà sí ọ̀tún’. Àmì @ ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ọ̀nà kejì ni a fẹ́. Kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ọn pé láti AutoCAD 2006 ni ọ̀nà kíkọ nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì eku ẹ̀rọ ti wọlé. Bí ó bá wà ní títàn, ẹ̀rọ yóò ka ojú kejì láti ibi tí a dúró sí, bí a kò tilẹ̀ tẹ @. Nítorí náà, ìwé tí ó ti pẹ́ lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní èsì tí kò retí.

Àmì àyọkúrò tún jẹ́ ibi ìkọsẹ̀. Bí olùkọ́ bá ka @-3600,0 gẹ́gẹ́ bí ‘yọ 3600 kúrò’, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ìlà kan ń kúrú. Ohun tí ó yẹ kí ó sọ ni ‘lọ sí òsì ní 3600’. Ní ti igun, ọwọ́ ọ̀tún ni òdo wà, kíkà rẹ̀ sì ń yí lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Nípa bẹ́ẹ̀, @4000<90 ń lọ sókè gbọọrọ. Ẹni tí ó bá ti kọ́ iṣẹ́ àwọn sọ̀fíyọ̀, tí wọ́n ń ka igun láti àríwá ní ọ̀nà tí aago ń gbà yí, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín.

Iṣẹ́ Àkọ́kọ́: Yàrá Kan

A dábàá pé kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ yàrá tí inú rẹ̀ jẹ́ 3600 sí 3000, tí ògiri rẹ̀ sì nípọn ní 225, ìyẹn ti búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ àwọn wọ̀nyí ní ẹsẹẹsẹ:

LINE
0,0
@3600,0
@0,3000
@-3600,0
C

C ni yóò mú ìlà padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó lo OFFSET ní 225 sí ìta ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yóò rí i pé àwọn igun ìta ṣí sílẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe yára tún un ṣe fún un, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ìlà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó yà, ìlà tuntun kọ̀ọ̀kan sì gùn gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀. FILLET tí a fi òdo sí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ yóò so àwọn igun náà pọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí ó bá jẹ́ RECTANG ni ó fi bẹ̀rẹ̀, odindi kan ni ẹ̀rọ yóò kà á sí, OFFSET kan ṣoṣo yóò sì parí iṣẹ́. Ìdánwò rẹ̀ ni pé kí ìta yàrá jẹ́ 4050 sí 3450. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní 1:50, kí a fi rúlà wọ̀n ọ́n: mìlímítà 81 sí 69.

Ìmọ̀ràn fún Olùkọ́

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe ní Yorùbá kí ó tó tẹ àṣẹ. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì mọ̀ ọ́n. Kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ kọ àkójọ ọ̀rọ̀-ìṣe fún àwọn àṣẹ tí wọ́n ń lò, kí wọ́n sì máa tún un ṣe. Níbi tí owó AutoCAD bá ti ń dí ènìyàn lọ́wọ́, LibreCAD àti FreeCAD jẹ́ ọ̀fẹ́. Àṣẹ wọn lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n òye ìwọ̀n kan náà ni.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kì í ti ọwọ́ ẹ̀rọ wá. Láti inú àlàyé tí kò péye nípa ìwọ̀n, ipò àti iṣẹ́ àṣẹ ni wọ́n ti ń wá. Bíríkìlà tí ó wà lórí ilẹ̀ kì í mọ bí àwòrán ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá rí nínú pláànù ni yóò kọ́, onílé ni yóò sì san owó búlọ́ọ̀kù tí ó bá ṣòfò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ ọ̀tún, òsì, gígé àti sísún dájú ní èdè tirẹ̀, díẹ̀ ni yóò kù fún un láti kọ́ lára ẹ̀rọ.