Ìwọ̀n Kan Náà

Bíbélì Kíkà: Ẹ́kísódù 26:1-6

Ní àwọn ọdún 1840 sí 1850, ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé bí ọ̀rẹ́ kan bá ń kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, tàbí bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run bá ń fi ìjọ wọn sílẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á rán abala aṣọ onígun mẹ́rin kan, á kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Wọn á wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní quilt. Títí di òní, àwọn ọ̀rẹ́ ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Arábìnrin wa kan tó ń gbé ní Texas wà nínú irú ẹgbẹ́ yìí. Àwọn méjìlá ni wọ́n. Nígbà tí aládùúgbò wọn kan di opó, wọ́n pinnu láti rán ìbora kan fún un, kí kálukú mú abala kan wá láti ilé.

Wọ́n kọ́kọ́ ya abala náà sórí ìwé: ínṣì 12 ní gígùn, ínṣì 12 ní ìbú. Wọ́n pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó di ojú mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 4. Nítorí ojú rírán, wọ́n fi ìdámẹ́rin ínṣì kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ínṣì 4 àti ààbọ̀ ni kí kálukú gé. Bí a bá rán an bó ṣe yẹ, abala náà á jẹ́ ínṣì 12 àti ààbọ̀. Ààbọ̀ tó lé yẹn ni wọn yóò fi so ó mọ́ àwọn yòókù.

Télọ̀ ni arábìnrin wa láti ilé. Ó gé aṣọ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò wọn ojú rírán rẹ̀. Ó ní òun mọ iṣẹ́ òun. Nínú bùbá, ojú rírán tó fẹ̀ kì í ṣe àléébù. Ó máa ń wúlò bí ẹni tó ni aṣọ bá sanra. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ́ ọn ló ṣe rán an, ó sì fi ìdámẹ́jọ ínṣì péré fẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Ojú rírán méjì ló wà lórí ìlà kan, aṣọ méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ. Ìdámẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin di ààbọ̀ ínṣì. Lọ́jọ́ tí wọ́n pé jọ, abala mọ́kànlá bára mu, tirẹ̀ kúrú.

Ó ní kí wọ́n fà á. Àgbàlagbà kan nínú wọn dáhùn pé, “Bí a bá fà á, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò fún jọ.” Ṣùgbọ́n wọn kò jù ú nù. Obìnrin náà jókòó tì í, wọ́n jọ tú òwú rẹ̀, wọ́n tún un rán. Ó bá ti àwọn yòókù mu.

Olùfẹ́, aṣọ-títa mẹ́wàá ni Ọlọ́run ní kí Mósè ṣe fún àgọ́. Ìgbọ̀nwọ́ 28 ni gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, 4 ni ìbú rẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Ìkọ́ wúrà 50 ló so wọ́n pọ̀ di àgọ́ kan. Ìkọ́ wúrà kò lè ṣe àtúnṣe aṣọ tó kúrú.

Ìwọ tó ti pẹ́ nínú ìgbàgbọ́, ṣé o ṣì ń wọn ara rẹ, àbí ìrírí lo gbẹ́kẹ̀ lé? Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí o fi ń pẹ́ dé, owó díẹ̀ tí o yọ nínú ohun tí ẹ jọ dá fún aláìsàn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí o fi kún ohun tí o gbọ́: ojú rírán ni. Kò hàn síta, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ló ń fún jọ. Bí ó bá sì jẹ́ ẹlòmíràn ló kúrú, má ṣe jù ú nù. Jókòó tì í.

Ohun Láti Ṣe: Rántí ohun kan tí o dín kù nínú iṣẹ́ tí ẹ jọ ń ṣe. Tú u, kí o tún un rán lónìí.

Àdúrà: Baba, fi ibi tí mo ti kúrú hàn mí. Fún mi ní ìrẹ̀lẹ̀ láti jẹ́ kí a tú mi, kí a sì tún mi rán, ní orúkọ Jésù. Àmín.